A Kì Í Pariwo Nídìí Aró

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó sẹ́yìn, n kò gbọ́ yín. Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ààlọ́ mi alẹ́ yìí kò yà sọ́dọ̀ ìjàpá, kò kan ajá, kò kan ẹkùn. Ó gba ìsàlẹ̀ odò lọ, ó dá lé àwọn ìkòkò tí a rì mọ́lẹ̀ dé ọrùn, ó dá lé obìnrin tí ó ni wọ́n, ó sì dá lé àwọn ọkùnrin tí wọ́n wá fi ohùn jẹ́jẹ́ pín ìlú níwájú rẹ̀.

Obìnrin kan wà ní Ìwó níhìn-ín. Hàbíbátù ni orúkọ tí àwọn àfáà sọ ọ́, ṣùgbọ́n Ìyá Aláró ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Bí o bá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, àfi bí ẹni bọ òru lọ́wọ́: àtẹ́lẹwọ́ dúdú, èékánná dúdú. Aró ti wọ ibẹ̀ láti ìgbà tí ó wà lọ́mọdé, kò sí ọṣẹ tí ó lè fọ̀ ọ́. Ọwọ́ ìyá rẹ̀ ni ó ti jogún ìdí aró náà, ọwọ́ ìyá tirẹ̀ náà ni ìyá rẹ̀ sì ti gbà á. Ilẹ̀ tí ó tẹ́ rẹrẹ ni, ó wà lẹ́bàá ọ̀nà, odò kò jìnnà sí i, igi ọdán kan ṣíji bò ó.

Aró kì í ṣe omi lásán o, ẹ̀yin ọmọ. Ohun ẹlẹ́mìí ni. A ó gún ewé ẹ̀lú, a ó ṣù ú, a ó sá a. A ó sun igi, a ó sẹ́ omi eérú. A ó wá pa wọ́n pọ̀ sínú ìkòkò, a ó máa ṣìkẹ́ rẹ̀ bí ẹni ń ṣìkẹ́ aboyún. Bí ó bá wù ú, yóò jí, yóò mú aṣọ. Bí kò bá wù ú, o lè rẹ kíjìpá síbẹ̀ títí di ọ̀túnla, bí ẹni rẹ ẹ́ sínú àgbàrá ni. Ìkòkò aró tí ó bá sì ti mọ ilẹ̀ kan, ilẹ̀ náà ni ilé rẹ̀. A kì í hú u.

Nítorí náà ni èèwọ̀ ṣe wà níbẹ̀: a kì í pariwo nídìí aró. Wọ́n ní ariwo a máa pa á. Orogún kì í bú orogún níbẹ̀. Bí ọmọ bá fẹ́ sunkún, wọn á gbé e jáde sójú ọ̀nà kí ó lọ sun ún tán. Ẹni tí ó bá sì gbàgbé, ibi yòówù kí ó ga dé, yóò kúnlẹ̀ ti ìkòkò, yóò fi ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bẹ̀ ẹ́ pé, "Má bínú, má kú, ahọ́n mi ló yọ̀."

Àfáà àdúgbò a máa sọ fún un pé ìkòkò kò létí. Hàbíbátù a ní, "Òótọ́ lẹ wí, àfáà. Àmọ́ ẹ rọra wí i."

Ó wá di ọdún kejì tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé ọ̀fẹ́. Òyìnbó ṣì wà, àmọ́ wọ́n ti ń di ẹrù. Ìdìbò kánsù dé. Ẹgbẹ́ méjì ni ó ń du ìlú mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ọ̀kan ya àtùpà sára ògiri kiri, Alátùpà ni wọ́n. Ìkejì ya ọkọ́, Ọlọ́kọ́ ni wọ́n. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé nínú agboolé kan náà, Alátùpà kì í ya Ọlọ́kọ́ níná. Ìyàwó ilé ń bi ọkọ rẹ̀ pé ta ló dìbò fún kí ó tó gbé oúnjẹ kalẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ka ìbò tán, bí Alátùpà ṣe mú ni Ọlọ́kọ́ mú. Ọgbọọgba. Kò sí ẹgbẹ́ tí ó lè dá ìjọba kánsù ṣe. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ jókòó pọ̀, àga ni wọ́n fi sọ̀rọ̀, èyí fò lọ, èyí fò bọ̀. Ni ìjọba bá ránṣẹ́ láti Ìbàdàn pé bí wọn kò bá pa ọwọ́ pọ̀, àwọn yóò fi ẹlòmíràn jẹ lé wọn lórí, gbogbo ohun tí wọ́n ṣèlérí fún ìlú yóò sì wọmi.

Olórí Alátùpà ni Sàlàkọ́ oníkòkó, ọkùnrin tí ó jẹ́ pé ohùn rẹ̀ ni ó máa ń kọ́kọ́ wọlé kí ikùn rẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Olórí Ọlọ́kọ́ ni Tíṣà Ògúndípẹ̀, tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹgba, ọ̀rọ̀ rẹ̀ náà sì ń ta bí ẹgba. Sàlàkọ́ ní òun kò ní tẹ ẹnu ọ̀nà Tíṣà láéláé. Tíṣà ní bí òun bá mu omi nílé Sàlàkọ́, kí wọ́n yáa gbẹ́ ilẹ̀ sílẹ̀ de òun.

Àbẹ̀ní olóbì, ọ̀rẹ́ Hàbíbátù láti ìgbà ọmọge, ló dá àpárá kan lójà. Ó ní, "Ẹ kó gbogbo wọn lọ sí ìdí aró Hàbíbátù! Ẹni tí kò gbọdọ̀ pariwo, kí ni yóò fi jà?" Ọjà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n àpárá náà kò dúró lọ́jà. Ó rìn dé etí Sàlàkọ́, ó rìn dé etí Tíṣà, àwọn méjèèjì ò sì rí ohun tí wọ́n lè fi kọ̀ ọ́.

Inú Hàbíbátù dùn. Ta ni inú rẹ̀ kò ní dùn? Òun kò ṣe Àtùpà, òun kò ṣe Ọkọ́. Ó máa ń sọ pé aṣọ Alátùpà àti aṣọ Ọlọ́kọ́, inú ìkòkò kan náà ni wọ́n ń sùn sí lọ́dọ̀ òun, wọn kò sì tíì ta ara wọn nípàá rí. Ó gbá abẹ́ igi ọdán mọ́ fínnífínní, ó tẹ́ ẹní.

Ọjọ́ àkọ́kọ́, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó ni Tíṣà ní ọ̀dọ̀ àwọn ni alága kánsù yóò ti wá. Sàlàkọ́ fò dìde. "Irọ́ ni!" Àwọn ẹyẹ orí ọdán tú.

Hàbíbátù gbé ìka rẹ̀ dúdú sókè.

"Ìyá, ẹ má bínú," ni Sàlàkọ́ wí.

"Èmi kọ́ lo ṣẹ̀. Ìkòkò ni. Lọ bẹ̀ ẹ́."

"Ìyá! Pẹ̀lú agbádá yìí?"

"Sàlàkọ́, ẹ̀yìn mi yìí lo tọ̀ sí títí o fi mọ ìrìn. Kì í ṣe agbádá ni mo pọ̀n nígbà náà. Lọ kúnlẹ̀."

Ọkùnrin ńlá ká agbádá sókè, ó kúnlẹ̀ ti ìkòkò, ó ní, "Má bínú, má kú, ahọ́n mi ló yọ̀." Tíṣà bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì.

"Tíṣà, ẹ rín in síkùn," ni Hàbíbátù wí. "Ẹ̀rín náà, ariwo ni bí ó bá pọ̀."

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti kọ́ bí a ṣe ń fi ohùn kẹ́lẹ́ dúnàá-dúrà. Ìgbà tí wọn kò lè bú ara wọn mọ́, wọ́n wá ń gbọ́ ara wọn. "Ẹ mú alága, ẹ fún wa ní igbákejì." "Igbákejì nìkan kọ́, ẹ fi ìgbìmọ̀ ọ̀nà kún un." "Ẹ gba ọ̀nà, àmọ́ àwa la ó máa mójú tó ọjà." Bí wọ́n ṣe ń gé e ni wọ́n ń fi í fún ara wọn, bí àwọn tí wọ́n jọ ń jẹ iṣu sísun. Hàbíbátù a máa ro aró rẹ̀, a máa gbọ́ ọ lápá kan etí. Bí ó bá sì ń kọjá lọ́nà, àwọn obìnrin a kúnlẹ̀: "Ìyá Aláró, ẹ kú iṣẹ́ ìlú! Ẹ̀yin lẹ jẹ́ kí a máa sùn." Orí rẹ̀ a wú.

Àbẹ̀ní nìkan ni orí rẹ̀ kò wú. Ó wá ra aṣọ lọ́jọ́ kan, ó wo àwọn ọkùnrin náà lábẹ́ ọdán.

"Hàbíbátù, kí ni wọ́n ń pín?"

"Ipò ni."

"Tí ipò bá tán ńkọ́?"

"Wọn á lọ sílé."

"Hùn. Ẹni tó dúró láàárín ọ̀nà, ọ̀tún kò ní kó kúrò, òsì kò ní kó kúrò. Àfi ìgbà tí mọ́tò bá ń bọ̀."

"Àbẹ̀ní, ìwọ lo dá a lábàá!"

"Àpárá ni mo dá. Èmi ò mọ̀ pé wọ́n lè kà á sí ọ̀rọ̀."

Ipò tán lóòótọ́. Ó wá ku ohun kan ṣoṣo: gáréèjì tí ìjọba fẹ́ kọ́ fún àwọn mọ́tò akérò bọ́lẹ̀kájà. Sàlàkọ́ ní àfi kí ó wà lójú ọ̀nà Ilé-Ogbó, níbi tí àwọn èèyàn tirẹ̀ pọ̀ sí. Tíṣà ní àfi ojú ọ̀nà Kuta, nítorí òun ti fi ẹnu òun ṣèlérí rẹ̀ fún àwọn tí wọ́n dìbò fún òun. Èyí kò yẹ̀, ọ̀hún kò yẹ̀. Gbogbo ohun tí wọ́n ti pín sẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ìjọba Ìbàdàn sì ti ní àwọn kò ní dúró dè wọ́n mọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, Hàbíbátù bẹ̀rẹ̀ sórí ìkòkò, ó ń fi ọ̀pá yí aṣọ ìgbéyàwó Àgbékẹ́ padà nínú aró. Ọmọ aládùúgbò rẹ̀ ni Àgbékẹ́, ìgbéyàwó rẹ̀ ku fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, gbogbo aṣọ tí yóò kó lọ sílé ọkọ ló wà nínú àwọn ìkòkò náà. Ni Hàbíbátù bá gbójú sókè wo abẹ́ ọdán.

Tíṣà Ògúndípẹ̀ ń wo ilẹ̀. Ó wò ó láti etí ọ̀nà dé etí odò. Ó ní, jẹ́jẹ́, "Ta ló ni ibí yìí?"

"Àwọn aláró ni," ni Sàlàkọ́ wí.

"Ẹgbẹ́ wo ni wọ́n ń ṣe?"

"Wọn ò ṣe ẹgbẹ́ kankan."

"Áà."

Sàlàkọ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilẹ̀. Tíṣà ní, "Bí a bá gbé e lọ sí ìhà Ilé-Ogbó, àwọn èèyàn mi yóò kẹ̀yìn sí mi. Bí a bá gbé e lọ sí ìhà Kuta, tiyín yóò kẹ̀yìn sí yín. Ibi tí kì í ṣe tiyín, tí kì í ṣe tiwa, ta ni yóò bínú?"

"Ọ̀nà wà níbẹ̀," ni Sàlàkọ́ wí.

"Omi wà níbẹ̀."

"Ó sì tẹ́jú."

Ọ̀pá bọ́ lọ́wọ́ Hàbíbátù. Ó rìn dé ọ̀dọ̀ wọn, aró ń kán sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Sàlàkọ́, ilẹ̀ wo lẹ ń sọ?"

Sàlàkọ́ kò lè wò ó lójú. "Ìyá, ẹ jókòó ná. Ìlú ni yóò bẹ̀ yín."

"Mo bi ọ́ léèrè."

"Ibí yìí ni, Ìyá."

"Àwọn ìkòkò mi ńkọ́?"

"A ó wá ibòmíràn fún yín. Àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ yóò bá yín hú wọn, tọ̀tún-tòsì."

"A kì í hú u. O mọ̀ pé a kì í hú u. Ìyá rẹ rẹ aṣọ níbí kí wọ́n tó bí ọ."

Tíṣà dá sí i. "Ìyá, ìlọsíwájú ni. Ẹ̀yin lẹ kó wa jọ. Bí a bá tú ká lórí ọ̀rọ̀ yìí, ìjà yóò tún bẹ̀rẹ̀, orí tún lè fọ́. Ṣé ẹ̀yin lẹ ó fẹ́ kí a sọ pé ẹ̀yin lẹ bà á jẹ́?"

Hàbíbátù wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Aṣọ tí àwọn méjèèjì wọ̀, òun ló rẹ ẹ́. Igbe kan gbéra nínú rẹ̀. Ó la ẹnu.

Sàlàkọ́ gbé ìka sókè, bí Hàbíbátù fúnra rẹ̀ ṣe gbé e sí i lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Kò fi ṣe ẹlẹ́yà o. Ọmọ tí a kọ́ ni.

"Ìyá, ẹ rọra," ó wí kẹ́lẹ́. "Ẹ rántí aró."

Hàbíbátù sì rántí. Aṣọ Àgbékẹ́ wà nínú ìkòkò. Bí òun bá pariwo tí aró kú, ọmọ ọlọ́mọ yóò di ìyàwó aláìláṣọ nítorí ọ̀fun òun. Ó pa ẹnu dé. Ó gbé igbe náà mì, ó sì ń gbọ́ bí ó ṣe ń há a lọ bí eegun ẹja.

"Ẹ ṣeun, Ìyá," ni wọ́n wí. Wọ́n rò pé ó gbà ni.

Ó yíjú padà, ó mórí lé ojú ọ̀nà. Èèwọ̀ kò dé ojú ọ̀nà. Níbẹ̀ ni a ti ń gbé ọmọ lọ sunkún. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yá mọ́, àmọ́ ó ń sáré. Kí ó tó dé ibẹ̀, Sàlàkọ́ àti Tíṣà ti gba ẹ̀gbẹ́ kejì jáde, wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú, wọ́n nà án sókè fún àwọn èrò tí wọ́n ti ń dúró de èsì níta.

Ìlú hó yèè. Alátùpà dì mọ́ Ọlọ́kọ́. Àwọn tí wọn kò kí ara wọn láti ìgbà ìdìbò ń jó pọ̀. Hàbíbátù dúró láàárín wọn, ó la ẹnu gbàgà, ó ké e jáde nígbà náà, gbogbo rẹ̀: "Wọ́n ti gba ìdí aró mi! Ẹ gbà mí! Wọ́n ti gbà á o!"

Ta ló gbọ́? Ẹnu rẹ̀ là, tiwọn náà là. Ohùn rẹ̀ wọ inú ohùn wọn bí omi ṣe ń wọ odò. Wọ́n rí omijé lójú rẹ̀, wọ́n ní omijé ayọ̀ ni. Àwọn géńdé méjì gbé e sókè. "Ìyá Aláró! Ìyá Àlàáfíà!" Wọ́n gbé e yí ká, ó ń ké, wọ́n ń yọ̀. Lókè níbẹ̀ ni ó ti rí Àbẹ̀ní lọ́ọ̀ọ́kán. Àbẹ̀ní kò jó. Ó ti gbé ọwọ́ lérí.

Lọ́jọ́ kejì Hàbíbátù tọ àwọn Alátùpà lọ. Wọ́n fún un ní àga, wọ́n fún un lómi, wọ́n ní, "Ìyá, Ọlọ́kọ́ ló dá a lábàá." Ó tọ àwọn Ọlọ́kọ́ lọ. Wọ́n fún un ní àga, wọ́n fún un lómi, wọ́n ní, "Ìyá, Alátùpà ló fọwọ́ sí i." Ẹ rí i, nígbà tí wọ́n ń jà, ẹni tí apá kan bá lù a máa sá tọ apá kejì lọ, wọn a sì gbà á, bí kò tilẹ̀ ju pé kí wọ́n fi bí ọ̀tá wọn nínú. Ó wá di pé wọ́n jọ jókòó sídìí àwo kan. Ọ̀dọ̀ ta ni èèyàn yóò fi ẹjọ́ sùn?

Ó ránṣẹ́ sí Fàtáì, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin kan ṣoṣo, tí ó wà ní Kùmásí. Iṣẹ́ náà bá àwọn aláròóbọ̀ lọ, ó pẹ́ kí èsì tó bá wọn bọ̀. Èsì náà ni pé, "Ẹ fi sùúrù ṣe é. A kì í bá ìjọba jà." Kí èsì tó dé, sùúrù nìkan náà ló kù láti ṣe.

Àánú kan ṣoṣo tí wọ́n ṣe fún un ni pé wọ́n jẹ́ kí ó yọ aṣọ Àgbékẹ́. Ó dúdú dáadáa. Kò sí ìyàwó tí aṣọ rẹ̀ dúdú tó bẹ́ẹ̀ lọ́dún náà.

Lẹ́yìn náà ni àwọn ọ̀dọ́ dé, àti tàtùpà àti tọkọ́, pẹ̀lú ṣọ́bìrì. Wọ́n ń kọrin, wọ́n ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Hàbíbátù dúró lábẹ́ ọdán, ó gbé ìka sókè. Ó gbé e sókè títí apá fi ń ro ó. Kò sí ẹni tí ó wò ó. Ìkòkò ìyá ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ là. Aró tú jáde, ó gba ilẹ̀ pupa sọ̀kalẹ̀ lọ sódò, àwọn tí wọ́n ń pọnmi nísàlẹ̀ sì ń bi ara wọn pé kí ló ṣe omi.

Nínú gbogbo ìkòkò náà, méjì ni kò fọ́. Ó rì wọ́n sẹ́yìn ilé rẹ̀. Ó gún ẹ̀lú, ó sẹ́ omi eérú, ó ṣe é bí ó ṣe ń ṣe é. Aró kò jí. Ó dá a nù, ó tún ṣe. Kò jí. Ó kúnlẹ̀ tì í láàárọ̀, ó kúnlẹ̀ tì í lálẹ́. "Má bínú, má kú." Òun tí kò pariwo nídìí aró rí, òun ló ń bẹ̀bẹ̀.

Gáréèjì ńkọ́? Ẹ̀yin náà ẹ bi mí. Ọyẹ́ kò tíì dé tí wọ́n fi tún dìde sí ara wọn. Sàlàkọ́ ní orúkọ ẹni tí òun fẹ́ ni wọn yóò fi pe gáréèjì, Tíṣà ní kò jẹ́ jẹ́ bẹ́ẹ̀. Kò sí ìdí aró mọ́ tí wọn ì bá jókòó sí, nítorí náà wọ́n pariwo rẹ̀ tẹ́rùn. Ìjọba àjọṣe náà túká. Bọ́lẹ̀kájà ń dúró lójú ọ̀nà Ilé-Ogbó, ó ń dúró lójú ọ̀nà Kuta, bó ṣe ń dúró tẹ́lẹ̀. Ìdí aró di ilẹ̀ pupa gbalasa. Ewúrẹ́ ni ó ń sùn síbẹ̀.

Ó pẹ́ díẹ̀, Sàlàkọ́ wá kí Hàbíbátù. Ó mú agbádá rẹ̀ kan dání, èyí tí oòrùn ti mú àwọ̀ rẹ̀ lọ. Bóyá ó gbàgbé ni, bóyá ó rò pé òun fi ń tù ú nínú ni, Ọlọ́run ló mọ̀.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, aṣọ yìí ti ṣá," ó wí ní ohùn kẹ́lẹ́, bí ó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. "Mo ní kí ẹ bá mi dá a padà sínú aró."

Hàbíbátù na ọwọ́ méjèèjì sí i. Èékánná rẹ̀ ti ń hù láti ìdí, ó funfun báláú, bí èékánná ọmọ tuntun. Dúdú náà kò kù ju etí èékánná lọ, òun náà sì ń lọ.

Sàlàkọ́ wo ọwọ́ náà. "Ìyá, ẹ má bínú," ó wí, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Kí ló dé tí o ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́?" ni Hàbíbátù bi í. "Pariwo, ọmọ mi. Kò sí ohun tí ariwo yóò pa níbí mọ́."

Ta ló ń béèrè bóyá wọ́n dá ilẹ̀ náà padà fún un? Wọn kò dá a padà. Bọ́sẹ̀, má wò mí bẹ́ẹ̀. Bí mo bá mọ bí a ṣe ń gbà á padà, ì bá ti wà nínú ààlọ́. Mùrí ti sùn lọ. Ẹ rọra gbé e, ẹ má jẹ́ kí ilẹ̀kùn ké. Òṣùpá ti yà lẹ́yìn igi. Ó yá, ẹ dìde, ẹ lọ sùn.